Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Àròkọ Alálàyé – Ìwà Ọmọlúàbí Lórí Omi Nígbà Ọdún

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí ó ti yẹ kí atukọ̀ àti èrò máa hùwà lórí omi ní àkókò ọdún tí ọkọ̀ máa ń pọ̀ jọjọ.

Àròkọ alálàyé ni ìbéèrè yìí ń fẹ́. Ohun tí olùdánwò ń wá ni pé kí o mọ nǹkan kan, kí o sì lè là á yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìtàn ni kí o sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń kó òwe mẹ́fà jọ sí ìpínrọ̀ kìíní, tí yóò sì kọ ojú ewé kan tán kí ó tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ omi rárá. Má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí o tó mú gègé, ronú sí ohun tí ìwọ fúnra rẹ ti rí. Bí o bá jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o ti bá ìyá rẹ ná ọjà Ìgbọ́kọ̀dá rí. Bí o kò bá wọ ọkọ̀ ojú omi rí, yan ìbéèrè mìíràn. Olùdánwò tí ó mọ omi yóò tètè mọ̀ pé àhesọ ni o ń kọ. Lẹ́yìn èyí, wá kókó kan ṣoṣo tí gbogbo àlàyé rẹ yóò rọ̀ mọ́. Nínú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, kókó náà ni pé lórí omi, ohun tí o bá ṣe kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àròkọ náà gùn ju èyí tí o lè kọ ní gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. A fẹ́ kí o rí ibi púpọ̀ tí o ti lè mú ọ̀rọ̀ ni.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àyè ìdúró a di ọ̀wọ́n ní èbúté Ìgbọ́kọ̀dá. Àwa ará Òkìtìpupa, Ìkòyà, Òde-Aye àti Ìgbòtakò a gba ojú títì wá, a ó sì bá àwọn Ìlàjẹ aládùúgbò wa pàdé níbẹ̀. Ẹlòmíràn ń lọ kí àna rẹ̀ ní Ayétòrò, ẹlòmíràn ń lọ síbi ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ ṣe fàájì létí òkun. Lọ́jọ́ yìí kan náà, àwọn tí omi jẹ́ oko wọn kò jókòó sílé. Apẹja ń dẹ àwọ̀n. Ìyá arúgbó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ igi tí ó kó púpurú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ń sáré bí ọfà àti ọkọ̀ igi tí kò yára ju ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ojú omi kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Mọ̀ dájú pé ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Bí atukọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò ṣì máa sún lọ. Bákan náà, ọkọ̀ tí ń sáré máa ń fi ìgbì sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ńlá kò ní mọ ìgbì náà lára, nítorí pé ó ti di ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ igi tí etí rẹ̀ kò fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju omi lọ ni ìgbì ń lọ bá. Bí omi bá gba ẹ̀gbẹ́ dà sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Ìdí nìyí tí atukọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń dín eré kù nígbà tí ọkọ̀ igi ṣì wà lókèèrè. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in, ìgbì tí ó ti dá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò lé àwọn méjèèjì bá. Ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú èbúté pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tí a kọ́ sórí òpó nínú omi. Bí ìwọ ni o wà nínú ọkọ̀ kékeré, kọ orí ọkọ̀ rẹ sí ìgbì. Má jẹ́ kí ó gbá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà nínú omi tóóró. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni ọkọ̀ ilẹ̀ ní Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nínú ọdún náà gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Lọ́ńdọ̀nù lórí òfin ìrìn ọkọ̀ ojú omi òkun, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Òfin náà sọ pé bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá dojú kọ ara wọn, kí kálukú yà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Pé ẹni tí ó fẹ́ kọjá lára ẹni tí ó wà níwájú ni kí ó yẹra fún un. Pé kí ẹni tí ń bọ̀ wá sí kọ́nà tí kò jẹ́ kí ó rí iwájú fọn fèrè gígùn kan. Àti pé kí gbogbo atukọ̀ máa fi ojú àti etí ṣọ́nà. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ lórí odò Olúwa lè má ka òfin yìí rí, síbẹ̀ kò sí èyí tí yóò yà á lẹ́nu nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá ara wọn fi ọkọ̀ sáré nígbà ọdún ni kò fẹ́ mọ̀. Kí a sì má parọ́, ẹ̀bi atukọ̀ nìkan kọ́: èrò ni ó ń pariwo lẹ́yìn wọn pé, “Fi wọ́n sílẹ̀! Fi wọ́n sílẹ̀!”

Àwọ̀n apẹja ni oko rẹ̀. Níbi tí o bá ti rí ike tàbí igi wẹ́wẹ́ tí ń léfòó ní ìlà gbọọrọ, àwọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá ti ge oúnjẹ olóúnjẹ, àwọ̀n náà sì lè lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kí ó dá a dúró sí àárín ọ̀nà. Koríko olódòdó àlùkò tí ó gba ìhà Bàdágìrì wọ omi ilẹ̀ wa ní 1984 náà máa ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé gẹdú tí odò gbé wá lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Igi inú omi kò ṣeé fojú di, àgàgà lóru. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ kan tí ó kó àwọn èrò tí ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lọ kọ lu igi lóru nínú odò Ọya, nítòsí Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ju 100 ènìyàn lọ tí ó kú. Ọ̀nà ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń bọ̀, bí àwa náà ti ń lọ tí a sì ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀ wa, èyí tí òfin 1997 dá sílẹ̀, kò fọwọ́ sí ìrìn òru. Bí ayẹyẹ bá pẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, sun ibẹ̀.

Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, wíwọ̀ ni a ń wọ̀ ọ́. Mo ti rí ẹni tí ó fi ṣe ìrọ̀rí. Mo sì ti rí ẹni tí kò fẹ́ kí ó run aṣọ ẹbí òun. Dì í dáadáa. Èyí tí ó bá tóbi ju ọmọdé lọ yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó ti mọ̀wẹ̀ láti kékeré náà nílò rẹ̀, nítorí pé ẹni tí igi ọkọ̀ bá gbá lórí kò lè wẹ̀ mọ́. Bí o bá ń wọ ọkọ̀, jẹ́ kí àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, tẹ àárín ọkọ̀, kí o sì jókòó. Bí o bá rí ọ̀rẹ́ rẹ nínú ọkọ̀ mìíràn, ìjókòó ni kí o ti kí i. Má sọ ọ̀rá omi sínú odò. Ó lè dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tí ń mú un tutù, kí ẹ́ńjìnnì náà sì gbóná títí yóò fi kú.

Èyí tí ó le jù ni mo fi kẹ́yìn. Ọkọ̀ ti kún, atukọ̀ sì tún ń pe èrò mẹ́ta. Àgbàlagbà mẹ́jọ ni ó wà nínú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìwọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni o rí i pé omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọkọ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣé kí o dákẹ́ ni? Rárá o. Má bú atukọ̀, má sì pè é ní olójúkòkòrò, nítorí ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò. Sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá ọlọ́kọ̀, omi ti súnmọ́ etí ọkọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí dúró de ọkọ̀ tí ń bọ̀.” Bí ó bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, yíjú sí àgbàlagbà tí ó súnmọ́ ọ jù lọ: “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.” Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí àwọn àgbà náà ń dúró dè ni pé kí ẹnìkan kọ́kọ́ la ẹnu. Bí kò bá sí ẹni tí ó dá sí i, sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. O lè pàdánù owó ọkọ̀. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní ojo ni ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀, kí wọ́n sì tún fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà nígbà tí ẹ bá pàdé lọ́hùn-ún. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ kejì yóò gbé ọ dé kí ìrẹsì tó tán.

ÀKÍYÈSÍ

Òwe kan péré ni ó wà nínú àròkọ yìí, ibi tí a sì nílò rẹ̀ ni ó wà. Ọdún tí ó dá òǹkọ̀wé lójú nìkan ni ó kọ. Bí ọdún kan kò bá dá ọ lójú, fò ó. Kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú: a ń wọ ọkọ̀, a ń tu ọkọ̀, ọkọ̀ a máa ṣí, a sì máa gúnlẹ̀ sí èbúté. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé òun “gun” ọkọ̀ ojú omi ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí ẹ fi kọ àlàyé yín.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ tí ń gbé ní Àkúrẹ́, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Sọ ohun tí yóò ṣe fún un láti ìgbà tí ó bá dé èbúté títí di ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀.

2. Kọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín atukọ̀ kan tí ó ń kánjú àti ìyá arúgbó kan tí ìgbì ọkọ̀ rẹ̀ da omi sí lẹ́rù. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè wí.