Ṣódẹkẹ́, Jagunjagun tí ó mọ Ìwúlò Ọ̀rọ̀

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà títì láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta yóò kọjá ní Òṣíẹ̀lẹ̀ kí ó tó dé ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ. Lónìí, ìrìn àjò kékeré ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1830, àwọn tí ogun ti sọ di aláìnílé ni ó rin ìrìn náà.

Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti sá lọ sí Ìbàdàn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn jagunjagun tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì pinnu láti lọ. Lámọ́dì tí í ṣe Balógun kú kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́ ará Ìpóró, tí í ṣe Sẹ̀ríkí, ni ó sì kó wọn dé abẹ́ Olúmọ.

Àwọn ọ̀tá kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìjẹ̀bú bá wọn jà ní Òwíwí ní 1832, Ìbàdàn sì bá wọn jà ní Àràkàngà ní 1834. Ẹ̀gbá ni ó ṣẹ́gun nínú ìjà méjèèjì.

Síbẹ̀, Ṣódẹkẹ́ mọ̀ pé idà lè gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú ìlú tòrò. Olúkúlùkù ìlú ni ó kó àwọn olóyè àti Ògbóni tirẹ̀ wá. Kò fi agbára pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí àwọn Òwu dé ní 1834, ó gbà wọ́n mọ́ra. Òun fúnra rẹ̀ kò jọba. Ọdún 1854 ni Okùkẹ́nù tó di Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta.

Láti nǹkan bí 1839, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti tà lẹ́rú, tí a sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, bẹ̀rẹ̀ sí padà ti Sàró bọ̀ wá sílé. Aṣọ wọn yàtọ̀, ẹ̀sìn wọn yàtọ̀. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n bí ọmọ. Ó gba àlejò Freeman ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, ó sì gba ti Townsend ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1843. Ó fi ìwé ìdúpẹ́ rán Townsend sí gómìnà Sàró.

Kì í ṣe pé ó ti kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1842 kan náà ni Ẹ̀gbá dó ti Adó, nítorí ọ̀nà Bàdágìrì tí wọ́n fẹ́ kí ó là. Ìdótì náà kò tíì parí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kú ní 1845. Ohun tí ogun kò rí ṣe fún un, ọ̀rẹ́ ṣe é fún ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1851, àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí kìlọ̀ fún Ẹ̀gbá pé Dàhómì ń bọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ogun náà dé ẹ̀yìn odi, Ẹ̀gbá sì lé e padà.

Ẹni tí ó ń jagun lónìí, kí ó má gbàgbé àtiwá ọ̀rẹ́ fún ọ̀la.

Ìbéèrè
1. Báwo ni Ṣódẹkẹ́ ṣe di aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá?
2. Kí ni ó fi hàn pé kì í ṣe ogun nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé?
3. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò.”