Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí Ọdún Tuntun Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Kí A Ti Ṣírò Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ara wa ní oṣù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé etí yín. A ti sọ ọ́ nípàdé, a sì tún sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé fún àwọn tó pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ kó ìwé ẹ̀yáwó ọdún yìí jọ, tí a ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan yà wá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ "pàjáwìrì" sí lórí, owó ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ fi san. Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà wo ni owó ilé ìwé ti di pàjáwìrì? Ọmọ tí a bí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó ti ń lọ sí ilé ìwé láti bí ọdún mélòó kan, a mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án yóò dé bá a, a sì mọ̀ pé oṣù kìíní yóò dé. Bí àìsàn bá kọlu ènìyàn lóru, ìyẹn ni pàjáwìrì. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i, ìyẹn ni pàjáwìrì. Owó ilé ìwé, owó ilé, Iléyá àti Kérésìmesì, àlejò tó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ni wọ́n.

A ó sọ ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ kí àwọn yòókù lè fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun. Ìyá yìí ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gaàrí. Ní ìparí oṣù kọkànlá, ojú owó tó fi ń ṣòwò jẹ́ ₦180,000. Ọdún dé, wọ́n ra aṣọ fún àwọn ọmọ, wọ́n pa adìyẹ, wọ́n fún ẹbí lóúnjẹ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦45,000, inú àpò ọjà ló sì ti yọ ọ́, nítorí àpò kan ṣoṣo ló ní. Oṣù kìíní wọlé, ilé ìwé ní àfi kí wọ́n san ₦65,000 kí ọmọ méjì tó lè wọ kíláàsì. Ó tún yọ ọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦70,000.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó ti ń ra odindi àpò di ẹni tó ń ra ọjà ní kóńgò lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rà á ní kóńgò, èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan; bí ó bá sì fi owó lé e, oníbàárà á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Èrè tó ti ń bọ́ ilé tẹ́lẹ̀ kò bọ́ ọ mọ́, ni ó bá tún ń ti inú ojú owó jẹ. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó lọ bá olówó èlé, àwọn tí a ń pè ní sọ́gundogójì, ó yá ₦50,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦20 lórí ₦100 lóṣù. Ìyẹn ni pé ₦10,000 ló ń san lóṣooṣù fún èlé nìkan. Oṣù márùn-ún ló fi ń san án bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti san ₦50,000, gbogbo ₦50,000 tó yá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò dín.

Ká ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti yá iye owó kan náà, ní èlé ₦1 lórí ₦100 lóṣù tí àwa ń gbà, tó sì ń dá ₦5,000 padà lóṣù kọ̀ọ̀kan, èlé oṣù kìíní ìbá jẹ́ ₦500, ti oṣù kejì ₦450, bẹ́ẹ̀ ni ì bá máa dín kù. Ní oṣù mẹ́wàá gbèsè tán, gbogbo èlé rẹ̀ kò ju ₦2,750 lọ. Kí ló dé tí kò wá bá wa? Ó wá. Àwa la kò lè fún un, nítorí ó ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní owó tó yá fún ìsìnkú ní ọdún tó ṣáájú, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì náà sì jẹ gbèsè. A kò ní di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí. Nígbà tí a fún un ní owó àkọ́kọ́ yẹn, ìgbìmọ̀ béèrè onídùúró, a béèrè ìpín rẹ̀, a kò béèrè bí ilé ṣe ń jẹun. Àwa náà jẹ̀bi níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ ń bẹ̀ yín fún ni pé kí àpò ọjà àti àpò ilé má ṣe jẹ́ ọ̀kan. Kì í ṣe dandan kí ẹ rán àpò méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ àwọn tó rán an, tó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé kí oníṣòwò máa san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Bí ọjà bá mú èrè ₦3,000 wá lónìí, kí ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ₦2,000 ló ń lọ sílé, ₦500 á wọ inú ẹgbẹ́, ₦500 yòókù á padà sínú ọjà. Ọjọ́ tí èrè bá kéré, kí ilé jẹ kékeré. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Èyí tó ṣòro jù ni ọjà tí a ń mú jẹ láìkọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta mílíìkì àti sadíìnì, ọmọ á wá mú agolo kan, bàbá á ní kí wọ́n mú ṣúgà wá, àbúrò ọkọ á mú ọṣẹ. Ta ló sanwó? Kò sẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ ₦600 péré lójúmọ́, ọjọ́ 30 ti sọ ọ́ di ₦18,000. A mọ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó máa ń sọ pé òun kò rí èrè. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ ló tó rí i pé ilé òun ni oníbàárà òun tó tóbi jù, kò sì sanwó rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ kọ oṣù méjìlá sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ wá kọ ìnáwó tí a ti mọ̀ sí oṣù tirẹ̀. Ilé ìwé ń wọlé ní oṣù kìíní, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, àti ní oṣù kẹsàn-án. Ti oṣù kẹsàn-án ló máa ń wúwo jù, nítorí ìwé tuntun, yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà. Owó ilé, ẹ̀yin lẹ mọ oṣù tí ẹ kó wọlé. Iléyá ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka ọdún yẹn, nǹkan bí ọjọ́ 11 ló sì fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ní 2024 ó bọ́ sí 16 June, ní 2025 ó bọ́ sí 6 June. Ẹni tó bá ń dá owó àgbò pẹ̀lú èrò pé ìgbà kan náà ni yóò máa jẹ́, ọdún á dé kí owó tó pé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnáwó, ẹ kọ àkókò tí oúnjẹ máa ń pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ ọ́n jù wá lọ, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ń mọ̀ ọ́n lọ́jà tí a kì í mọ̀ ọ́n nílé? Ẹ̀wà tuntun máa ń wọlé láti òkè Ọya ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Epo pupa máa ń pọ̀ láti nǹkan bí oṣù kejì dé ìkarùn-ún, á sì wọ́n nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Tòmátì àti ata máa ń wọ́n láàárín òjò, wọ́n á sì pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá ilé tó bá ra kẹ́ẹ̀gì epo kan ní oṣù kẹrin kò ní máa ra á ní ìgò ní oṣù kọkànlá. Bí ilé mẹ́ta bá pa owó pọ̀ ra àpò ẹ̀wà kan tí wọ́n pín in, ó sàn ju kóńgò kóńgò lọ. Àmọ́ ẹ̀wà ní kòkòrò. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí ẹ fi pa á mọ́, kí ẹ so ó le dáadáa. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí. Ẹ má da oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ o! Ènìyàn ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ má sì fi owó èlé ra oúnjẹ pamọ́.

A mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Akọ̀wé, kí la fẹ́ ṣírò, ṣé owó ọjà ń dúró ni?" Òótọ́ ni. Àwọn àgbà inú wa rántí 1 January 1973 tí náírà dé, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, tí sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ẹ lọ wá kọ́bọ̀ mẹ́wàá lónìí. Ní 29 May 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Nígbà tó di oṣù kejìlá 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó ọjà fi 34.80 nínú 100 ga ju ti oṣù kejìlá 2023 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù tí a rà ní ₦100,000 di nǹkan bí ₦134,800. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣírò, ṣé owó ọjà dúró dè é ni? Òun gan-an ló kọ́kọ́ ń bá. Ohun tí a máa ń ṣe nílé tiwa ni pé, iye tí a ná lórí nǹkan lọ́dún yìí, a ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin lé e kí a tó kọ ọ́ sí ọdún tó ń bọ̀. Bí ìnáwó kò bá wá tó bẹ́ẹ̀, àjẹṣẹ́kù nìyẹn.

Ibo ni kí owó wà? Kò yẹ kó jẹ́ abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́, tí àwọn tó kó owó sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá ń sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 3 March 2023 pé kí a ṣì máa ná an títí di 31 December ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti tà á lófò kí ọjọ́ yẹn tó dé kò rí i gbà padà. Àjọ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí owó kì í gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé alájọ ń mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù: ẹni tó bá dá ₦500 fún ọjọ́ 30 dá ₦15,000, ₦14,500 ni yóò gbà. Èsúsù náà dára, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba wa. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò tíì dé Nàìjíríà nígbà yẹn, ó di 1935. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó èsúsù gbẹ̀yìn, òun ló yá àwọn yòókù lówó láìgba èlé. Bí owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án lẹ fẹ́ fi san, ẹ gba ipò tí yóò kàn yín kí oṣù kẹsàn-án tó dé.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ló máa ń fa ìjà, a ò sì ní torí ìyẹn fò ó. Ọkọ kì í sọ iye tó ń wọlé fún òun, ìyàwó kì í sọ iye tí òun fi pamọ́. A ò sọ pé kí tọkọtaya da àpò wọn pọ̀. Kò bá gbogbo ilé mu, pàápàá ilé tí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ. Àṣírí owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìsọ ẹni tí yóò san kiní kan ló ń dá ilé rú. Ọkọ rò pé ìyàwó ló ń san owó iná, ìyàwó rò pé ọkọ ni, ni àwọn oníná bá wá gé wáyà. Ẹ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí àwọn ọmọ ti sùn, kí ẹ pín in: bàbá ló ni owó ilé àti ilé ìwé, ìyá ló ni ọbẹ̀ àti aṣọ ọmọ, tàbí bí ẹ bá ṣe fẹ́. Kí ó ṣáà wà lórí ìwé. Bí ẹnìkan bá rí i pé tòun wúwo jù, kí ó sọ ọ́ ní oṣù kejìlá, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lé ọmọ wálé.

Ẹ kọ òde síbẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ ẹbí mélòó ni ẹ rà lọ́dún yìí? Àwa ka tiwa, ó jẹ́ méje, mẹ́ta nínú rẹ̀ ni a kò sì tíì wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Fún ọdún tó ń bọ̀, mẹ́ta la kọ. Ẹni kẹrin tó bá mú aṣọ wá, a ó bá a yọ̀, a ó sì wọ èyí tó wà nínú àpótí. Wọ́n á bínú díẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Owó tí ẹbí ń béèrè náà, ẹ ya iye tí agbára ká sọ́tọ̀ fún un; nígbà tí ó bá tán, ẹ óò lè sọ pé ó tán láìparọ́.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé láti ìpàdé àkọ́kọ́ ọdún tuntun, ojú ewé ọ̀tọ̀ yóò wà nínú ìwé ìfowópamọ́ yín fún owó ilé ìwé. A kò ní yá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, a kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó ni ín yọ ọ́ kí oṣù kẹjọ tó parí, àyàfi fún àìsàn. Ẹni tó bá ń dá ₦3,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 35 yóò ní ₦122,500. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ó ṣì ku ₦20,000 kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ sọ́gundogójì, nítorí náà ₦1,000 lọ́sẹ̀ ló ní òun lè fi bẹ̀rẹ̀. A gbà á. ₦35,000 ni yóò jẹ́, ó ti lé ní ìdajì ohun tó fi ojú owó rẹ̀ san ní oṣù kìíní.

Ẹ mú ìwé oṣù méjìlá yín wá sí ìpàdé náà. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó mú ọmọ kan dání, tàbí kí ó dúró de akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé. A ó jókòó níbẹ̀ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ó sì bá a kọ ọ́. Ohun tí ẹ bá sọ fún wa lórí ìwé yẹn kò ní dé etí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ tàbí ìyàwó yín.