Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìjọ Tó Ń Lọ sí Tànsáníà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má lọ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Òjò á ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀. “Shikamoo” ni kí ẹ fi kí àgbà.

Lẹ́yìn ìsìn ní ìjọ Lutheran ìgbèríko, níta ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sábà máa ń lu ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ tí àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ fi tọrẹ ní gbànjo. Ẹ̀yin tí owó òkèèrè wà lápò yín, ẹ má fi owó gọbọi gba adìyẹ mọ́ ìyá arúgbó lọ́wọ́. Mo mọ̀ yín, ẹ fẹ́ràn àṣehàn! Ẹ ra ìwọ̀nba, kí ẹ fi ta àwọn ọmọdé ìjọ lọ́rẹ. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá gbé ugali wá, ẹ fọwọ́ jẹ ẹ́.