Fèrè Tó Gùn Ju Apá Ọmọdé Lọ

Ọmọ mi, o kọ́ nǹkan lónìí, o fẹ́ kí ayé pàtẹ́wọ́ fún ọ lọ́la. Ìkánjú yẹn ti ba iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ jẹ́ lójú mi. Jókòó kí n sọ̀rọ̀ Melba Liston fún ọ.

Ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1926. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tó rí fèrè trombone, tó ní òun ló wu òun. Ìyá rẹ̀ rà á fún un. Ọ̀pá fèrè yìí ni wọ́n ń nà síwájú, tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, kí ohùn tó yí. Apá ọmọ náà kò tó o. Ó ní láti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Kò sọ fèrè nù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ó di ògbóǹtarìgì nínú orin jáàsì. Ní 1949, ó bá akọrin Billie Holiday lọ ṣeré ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè wọn. Èrò kò wá, owó tán, ìrìn àjò dàrú. Melba padà sílé ní Los Angeles, ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó sì ṣe é fún ọdún mélòó kan. Ojú ìbá ti ẹlòmíràn. Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀, ọmọ mi. Apá lará, ìgùnpá nìyekan.

Ní 1956, Dizzy Gillespie, olórí ẹgbẹ́ olórin jáàsì kan, ránṣẹ́ pè é. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ rán ẹgbẹ́ rẹ̀ sókè òkun. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ ń kùn pé kí ló kan obìnrin. Dizzy ní kí Melba mú orin tó kọ wá, ó pín in fún wọn. Wọ́n fun ún, ó já mọ́ wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ìgbéraga wọn parí sí.

Ó kọ́ àwọn èèyàn lórin ní Jàmáíkà láti 1973 sí 1979. Ní 1985, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, kò lè fun fèrè mọ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń fi kọ orin fún olórin jáàsì kan, Randy Weston. Ó ṣì ń ṣe é títí tí kò fi jìnnà mọ́ sí ìgbà tó kú, ní 1999.

Òun náà ló to orin inú àwo Weston tó ń jẹ́ Uhuru Afrika, ní 1960. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò tiwa, wà lára àwọn tó lùlù sí i. Wá àwo náà. Gbọ́ ọ tán, kó o tó wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ti sú ọ.