Ṣúgà Tí Kò Dùn Lẹ́nu



Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló jẹ́ pé, bí dókítà bá ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọn kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mímu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà inú àwo wọn kò dín kù. Wọ́n rò pé ohun tí kò dùn lẹ́nu kò ní ṣúgà nínú. Àṣìṣe ńlá nìyẹn.

Èròjà mẹ́ta ni Ọlọ́hun fi dá oúnjẹ afúnnilágbára: kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn. Ẹyọ ṣúgà tí à ń pè ní gúlúkóòsì ní kábọ́ọ̀nù 6, háídírójìn 12 àti ọ́síjìn 6. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyọ yìí wé ọmọ tẹ̀sùbáà kan. Iye ọmọ tó so pọ̀ ni a fi pín oúnjẹ wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta.

1. Ẹlẹ́yọ kan: Gúlúkóòsì wà níbí, àti fúrúkítóòsì tó wà nínú oyin àti èso. Kò sí ohun tí ara tún fẹ́ tú nínú wọn. Láti inú ìfun ni wọ́n ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Àwọn ló pọ̀ nínú dàbínù tó rọ̀.

2. Ẹlẹ́yọ méjì: Ṣúgà funfun tí à ń rà lọ́jà jẹ́ gúlúkóòsì kan àti fúrúkítóòsì kan tó so pọ̀. Ṣúgà inú mílíìkì náà jẹ́ ẹlẹ́yọ méjì. Ara àwọn àgbàlagbà kan kì í lè tú u mọ́. Ìdí nìyí tí inú wọn fi máa ń kún tàbí kí ó máa run wọ́n bí wọ́n bá mu ún.

3. Ẹlẹ́yọ púpọ̀: Ìsọ̀rí yìí ni sítáàṣì inú iṣu, gaàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì wà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún gúlúkóòsì, àní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ló so pọ̀ nínú ẹyọ kan. Nítorí gígùn rẹ̀, ahọ́n kì í mọ adùn rẹ̀. Ẹ fi búrẹ́dì tí kò dùn dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ: ẹ jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, ẹ má tíì gbé e mì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, nítorí pé itọ́ ti ń já a. Nígbà tí yóò bá fi dé inú ẹ̀jẹ̀, gúlúkóòsì ni gbogbo rẹ̀.

Gúlúkóòsì náà ló wà nínú okùn ara ẹ̀fọ́ àti èèpo ẹ̀wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe so pọ̀ yàtọ̀, ìfun wa kò lè já wọn. Wọn kì í di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ ni.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àkọ́kọ́, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa wọn ẹ̀bà, iyán àti ìrẹsì bó ṣe ń wọn ṣúgà, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i nínú àwo rẹ̀. Ìkejì, ní àsìkò ààwẹ̀, ẹ̀wà dára fún sààrì, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà rẹ̀ ń jáde. Dàbínù tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣínu yóò tètè dá agbára padà, ṣùgbọ́n kí alátọ̀gbẹ má ṣe jẹ ẹ́ jù.

Ìkẹta, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kí Rámádáànì tó dé. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí ó ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì mu ohun dídùn. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrátùl Bákárà. Kí a má ṣe fi ẹ̀mí ara wa wéwu lórúkọ ẹ̀sìn.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ilé wa ní àlàáfíà. Àmín.