Gbígbé Ajá láti Èrúkù lọ sí Ìlọrin

Nínú gbogbo ẹran tí a ń sìn nínú ilé, ajá ni ó súnmọ́ ènìyàn jù lọ. Ní Èrúkù, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, ọdẹ mọ ìwúlò rẹ̀, àgbẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣọ́ ilé lóru, ó ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko àgbàdo, àwọn ọmọdé sì ń bá a ṣeré láìfòyà. Ṣùgbọ́n ajá kan náà yìí lè mú ikú wọlé bí àrùn dìgbòlugi bá kọ lù ú.

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá tí àrùn náà ń ṣe ni ó ń gbé, ojú ọgbẹ́ ni ó sì ń gbà wọ ara ẹni tí ajá bá bù jẹ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan kí àmì rẹ̀ tó hàn. Bí ó bá ti hàn, tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdènà rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan là. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà fún ajá.

Inú òtútù ni a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú abẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń gbé e kiri ọjà nínú àpò lábẹ́ oòrùn, omi lásán ni ó ń tà. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí oníṣègùn ẹran tòótọ́ nítòsí níláti gbé ajá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, níbi tí Yunifásítì Ìlọrin ti ní ilé ìwòsàn ẹran.

Kí ó má ṣe fún ajá ní oúnjẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó má baà bì nínú ọkọ̀. Kí ó fi okùn tí ó yi sí i lọ́rùn, kí ó sì di ẹnu rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi lè máa mí dáadáa. Awakọ̀ mìíràn yóò kọ̀ jálẹ̀. Òmíràn yóò ní kí a jù ú sínú búùtù. Èyí burú jù. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ẹnu ni ó fi ń mí ooru jáde, búùtù tí a tì pa sì lè pa á kí ọkọ̀ tó kọjá Ọ̀mù-Àrán dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó sàn kí olówó ajá san owó ìjókòó kan fún un.

Ìlọrin kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan. Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Núpé, Kànúrí àti Bàrùbá ni ó pàdé níbẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń sọ èdè Yorùbá. Ojú tí kálukú wọn fi ń wo ajá yàtọ̀ síra. Ẹran Ògún ni lójú ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn sì rèé, ó ti ṣe àlùwàlá, ó ń lọ kírun. Ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni pé ìgbà méje ni kí a fọ abọ́ tí ajá bá fi ẹnu kàn. Nítorí náà, bí ìyá kan bá ká aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ajá ń kọjá, kì í ṣe ìkórìíra. Kí ọmọ Èrúkù fa okùn rẹ̀ mọ́ra, kí ó wí pé, “Ẹ má bínú, màmá,” kí ó sì dúró kí ìyá náà kọ́kọ́ kọjá. Kò sí ìdí tí yóò fi mú ajá gba iwájú Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀. Kí ó tún ṣọ́ra bí ó bá ń pe orúkọ ajá rẹ̀: bí ó bá pariwo “Tanímọ̀la!” ní ibùdókọ̀, ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà kan dá a lóhùn.

Àwọn tí ń yẹra fún ajá wọ̀nyí pàápàá ní ìpín nínú ìrìn àjò náà. Bí 70 nínú 100 ajá àgbègbè kan bá gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kì í sábà rí ọ̀nà tàn mọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ajá rí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nípa aápọn ẹni tí ó wọkọ̀ láti Èrúkù.

Ṣùgbọ́n bí ajá bá bu ènìyàn jẹ lójú ọ̀nà, kí a má dúró de àmì àrùn. Kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ láti gba abẹ́rẹ́ ti ènìyàn.

Bí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ni ó ti lè gba ti ìṣáájú. Lẹ́yìn náà, a óò máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Oníṣègùn yóò kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ẹ̀rí, yóò sì kọ ọjọ́ tí ajá náà yóò tún wọkọ̀ Ìlọrin ní ọdún tí ń bọ̀.