Kí o tó ra idẹ ní Igun: Ṣe àti Má ṣe

Bí o bá kúrò ní Ring Road ní ìlú Bìní, tí o gba ọ̀nà Sakponba, Igun kò jìnnà mọ́. Ìsọ̀ ló tò lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì: orí Ọba, ojú Ìyá Ọba Idia, ẹkùn, àkùkọ, jagunjagun tó di ìhámọ́ra. Ìran àwọn tó wà ládùúgbò yìí ló ti ń da idẹ fún Ọba Bìní kí òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ rajà níbẹ̀ ló ń ṣìnáwó, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti olùtajà nígbà gbogbo. Ohun àtijọ́ ni à ń wá kiri. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó wà láàyè ni Igun ní láti tà.

Ṣe: kí wọn kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. "Kóyo" ti tó. Bí o bá rí àgbàlagbà tó jókòó síwájú ìsọ̀, òun ni kí o kọ́kọ́ kí, kì í ṣe ọmọ tó ń sáré bọ̀ wá fà ọ́ lọ́wọ́. Iye tí wọ́n máa pè fún ẹni tó kí wọn yàtọ̀ sí iye tí wọ́n máa pè fún ẹni tó kàn nà ìka sí ọjà pé "èló ni?"

Ṣe: béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó dúró ní ìsọ̀ lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ṣe é, ó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ oníṣòwò tó kó ọjà jọ láti ilé mẹ́ta mẹ́rin. Bi í pé, "Ta ló mọ ọ́n? Ta ló dà á?" Ìbéèrè méjì ni, nítorí ẹni tó fi ìda mọ àwòrán lè yàtọ̀ sí ẹni tó da idẹ gbígbóná sí i. Bí olùtajà bá mọ̀, kíá ni yóò dáhùn, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Bí kò bá mọ̀, o ti mọ irú ọjà tó wà níwájú rẹ.

Orí idẹ Bìní tó wà ní British Museum kò ní orúkọ oníṣẹ́ kankan lára. Ọba ni wọ́n ń ṣe é fún, iṣẹ́ Ọba kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn á kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Nígbà tí Ọba Eweka Kejì gorí ìtẹ́ ní 1914, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Ọba. Àmọ́ àṣà àìkọ orúkọ kò lọ pátápátá, àwa tó ń rà náà kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. A mọ Felix Idubor, ọmọ Bìní tó gbẹ́ ilẹ̀kùn Cooperative Bank n'Ìbàdàn, nítorí pé ó dá dúró, ó sì fi orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń da idẹ ní Igun ni o lè dárúkọ?

Orúkọ oníṣẹ́ ní iye lórí. Wo àwọn ará Amẹ́ríkà àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, eré tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní sìnúkà. Igi lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí George Balabushka ṣe, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Rọ́ṣíà, tó dé Amẹ́ríkà ní 1924, tó sì kú ní 1975, ohun ìṣúra ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti lè sọ ẹni tó bá a ṣe igi ìdí ọ̀pá náà, bóyá Burton Spain ni tàbí Gus Szamboti. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù The Color of Money ní 1986, Balabushka ni wọ́n pe ọ̀pá inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ Joss ló ṣe é. Orúkọ ọkùnrin tó ti kú lọ́dún mọ́kànlá ṣáájú ló ń pa owó. Ọlọ́wọ́ iṣẹ́ bíi tirẹ̀ wà ní Igun. A kì í béèrè ni.

Má ṣe: ra "ti àtijọ́". Ẹnì kan lè fà ọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, kó ṣí àpò, kó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ pé inú ilé bàbá bàbá òun ni èyí ti jáde. Òfin 1979 tó ń darí àjọ National Commission for Museums and Monuments sọ pé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti rà á bí kò ṣe àjọ náà àti aṣojú tó bá fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ti lò fún ayẹyẹ ìbílẹ̀ náà lè bọ́ sábẹ́ òfin yìí, ọdún yòówù kí wọ́n ṣe é. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ olùtajà yẹn bá jẹ́ òótọ́, o ti rú òfin. Bí ó bá jẹ́ irọ́, owó rẹ ti lọ. Ọ̀nà kẹta kò sí.

Irọ́ ló sì máa ń jẹ́. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ ní ààfin Bìní ní oṣù Kejì 1897. Nígbà tí Netherlands dá 119 nínú wọn padà ní 2025, gbogbo ayé ló gbọ́. Ní oṣù Kẹta 2023 ni ìjọba àpapọ̀ wa sì ti kéde pé Ọba Bìní ló ni èyí tí wọ́n bá dá padà. Ẹni tó wá ní òun ní ọ̀kan nínú àpò ràgò, tí òun sì fẹ́ tà á fún ọ kí ọkọ̀ rẹ tó gbéra, ṣé ìwọ ni Ọlọ́run yàn?

Idẹ tuntun kò ṣòroó sọ di arúgbó. Ásíìdì, ilẹ̀ tútù àti sùúrù ti tó láti fún un ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Àyẹ̀wò gidi wà: wọ́n lè mú díẹ̀ nínú amọ̀ tó ṣẹ́kù sí inú orí idẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ ìgbà tí iná gbóná rẹ̀ kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìyẹn fún ọ ní Sakponba.

Ṣe: yí i padà kí o wo inú rẹ̀. Ojú ọjà ni wọ́n ń dán fún ọ. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Wo bóyá amọ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, bóyá ihò tí wọ́n fi àbùlẹ̀ dí wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan nípọn tí èkejì sì fẹ́lẹ́. Fi èékánná kan án, kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Mú òòfà kékeré dání: òòfà kì í mú idẹ. Bí ó bá mú un, irin tí wọ́n kùn ni. Bí ó bá fúyẹ́ jù, rọ́bà líle tí wọ́n fi àwọ̀ idẹ pa lára lè ni.

Má ṣe: fi ìwúwo díye lé e. Àwọn kan gbà pé bí ó bá ṣe wúwo tó ló ṣe dára tó. Òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́. William Fagg àti àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé e ka àwọn orí Ọba tó fẹ́lẹ́ sí èyí tó pẹ́ jù, wọ́n sì ka àwọn tó nípọn, tó wúwo, sí ti ìgbẹ̀yìn, títí dé ọ̀rúndún 19, nígbà tí idẹ ti pọ̀ nílùú. Kí idẹ gbígbóná tó lè ṣàn gba inú àlàfo tóóró láìdúró lọ́nà, ọwọ́ ẹni tó dà á gbọ́dọ̀ mọ́. Fífẹ́lẹ́ ni kí o sanwó fún.

Ṣe: mọ̀ pé idẹ ni. Gbogbo ayé ń pè é ní bronze, ṣùgbọ́n bàbà àti síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn ni idẹ tí a mọ̀. Nígbà kan, manilla, owó onídẹ tí àwọn oníṣòwò Potogí ń kó wá, ni wọ́n ń yọ́. Ìwádìí tó jáde ní 2023 fi hàn pé ẹkùn Rhineland ní Jámánì ni ọ̀pọ̀ idẹ manilla wọ̀nyẹn ti wá. Lónìí, orí ẹ̀rọ omi, agádágodo àti àlòkù rédíétọ̀ mọ́tò ni. Kò bu iṣẹ́ náà kù rárá. Nǹkan mìíràn ni manilla náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yọ́ ọ.

Má ṣe: sún mọ́ eyín erin. Ojú Idia tó di àmì FESTAC 77 kì í ṣe idẹ. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún 16. Ó wà ní British Museum, ìkejì rẹ̀ sì wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ẹgbẹ́ Igbesanmwan ló ni iṣẹ́ eyín erin àti igi ní Bìní, wọ́n yàtọ̀ sí ará Igun. Bí ẹnikẹ́ni bá fi eyín erin lọ̀ ọ́, dá a lóhùn pé rárá. Àdéhùn àgbáyé CITES ti ka títa á láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀ láti 1989. Idia onídẹ ni kí o rà.

Ṣe: ní kí wọ́n ṣe tìrẹ. Èyí dùn ju kí o mú ohun tó wà lórí pẹpẹ lọ. Oníṣẹ́ á fi amọ̀ ṣe inú rẹ̀, á fi ìda bo amọ̀ náà, orí ìda yìí ni yóò sì ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ojú, etí, ìlẹ̀kẹ̀ àti àmì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi amọ̀ tuntun bò ó léraléra, tí yóò fi wáyà dì í, tí yóò gbé e sínú iná kí ìda yọ́ jáde. Àlàfo tí ìda fi sílẹ̀ ni yóò da idẹ sí. Nígbà tó bá tutù, yóò fọ́ amọ̀ náà. Nítorí pé amọ̀ náà fọ́, kò sí èkejì tó máa jọ ọ́ délẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: ọjọ́ ìda ni kí o lọ wò ó. Bí imú bá wọ́, ìda ṣeé tún ṣe. Idẹ kò ṣeé bẹ̀. Kí ẹ jọ fẹnu kò pé o máa wá wò ó kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, kí o san apá kan owó nígbà náà, kí o sì fi apá kan sílẹ̀ di ìgbà tí o bá gbà á. Kọ gbogbo rẹ̀ sórí rìsíìtì.

Má ṣe: dájọ́ fún wọn. "Ìgbéyàwó mi di ọ̀sẹ̀ méjì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí idẹ ń gbọ́. Amọ̀ tí kò gbẹ dáadáa lè bú nígbà tí idẹ gbígbóná bá wọ̀ ọ́, ó sì lè pa èèyàn lára.

Ṣe: wo iṣẹ́ tí kò jọ ti mùsíọ́ọ̀mù. Ní 2021, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Ahiamwen ní Bìní gbé iṣẹ́ tuntun kalẹ̀, wọ́n ní kí British Museum gbà á, kó sì dá ti àtijọ́ padà. Pátákó idẹ tó jẹ́ mítà méjì níbùú àti lóròó wà níbẹ̀, àgbò tó tóbi tó àgbò gidi sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì mọ́tò ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀. Lójú tèmi, àgbò onípílọ́ọ̀gì yẹn tó orí Ọba ogún tó jọ ara wọn.

Má ṣe: bá wọn jiyàn Ifẹ̀ àti Bìní nínú ìsọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń yún ọ lẹ́nu. Jacob Egharevba, òpìtàn Bìní, kọ ọ́ pé Ọba Oguola ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, Ọọ̀ni sì fi Igueghae ránṣẹ́ wá kọ́ wọn ní iṣẹ́ idẹ. Ọ̀pọ̀ ará Ẹdó òde òní kò gba ìtàn yẹn, ìwé ìrántí tí Ọba Erediauwa gbé jáde ní 2004 sì tún ti fi epo sí iná ọ̀rọ̀ ibi tí Odùduwà ti wá. Kò sí ẹni tó borí àríyànjiyàn yìí rí tí wọ́n sì tún dín owó ọjà fún.

Má ṣe: gba ọ̀rọ̀ UNESCO gbọ́. Wọ́n á sọ fún ọ pé Igun wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé. Méjì péré ni Nàìjíríà ní lórí ìwé UNESCO: Sukur, 1999, àti igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, 2005.

Ṣe: gba ìwé kí o tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Bí o bá fẹ́ gbé e lọ sí London tàbí Houston, gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ring Road pẹ̀lú rìsíìtì rẹ, kí wọ́n fún ọ ní ìwé pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Aṣọ́bodè kò mọ ọdún tí wọ́n da idẹ. Ìwé ló ń kà.

Má ṣe: bó o láwọ̀. Brasso ojoojúmọ́ yóò fá àmì wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ dànù. Aṣọ gbígbẹ ti tó. Bí ó bá dọ̀tí gan-an, ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, kí o ṣan án, kí o nù ún gbẹ kíá.

Ṣe: kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ oníṣẹ́, ọdún, iye owó, àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bí ó bá gbà. Fi bébà náà sínú idẹ gan-an, kó má bàa sọnù. Bí iṣẹ́ Igun kan bá sì ti wà nílé rẹ báyìí tí o kò mọ ẹni tó ṣe é, pe ẹni tó tà á fún ọ lónìí, kí o bi í.